Medicare kì í bá èèyàn dé Òṣogbo: àlàyé fún ẹni tó fẹ́ fẹ̀yìntì wálé láti Amẹ́ríkà

Bí ilé bá ti ń parí ní Ògo-Olúwa tàbí ní Òkè-Fìà, tí wọ́n ti kan òrùlé, tí wọ́n ti gbẹ́ kànga, ìbéèrè kan ló máa ń kù lẹ́nu ẹni tó fẹ́ fẹ̀yìntì wálé láti Amẹ́ríkà: "Bí ara mi ò bá yá ní Òṣogbo ńkọ́? Ṣé Medicare mi á ṣiṣẹ́ níbẹ̀?" Medicare ni adójútòfò ìlera tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe fún àwọn àgbà. Ìdáhùn ìbéèrè náà kò gùn. Kò ní ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìdáhùn kúkúrú yìí gan-an ló ń ti ọ̀pọ̀ èèyàn sí wàhálà, torí bí wọ́n bá ti gbọ́ ọ, wọ́n á ní, "Kí ni mo wá fẹ́ fi ṣe?" Wọ́n á gbé lẹ́tà tí wọ́n fi ránṣẹ́ nípa rẹ̀ sọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, àsìkò ìforúkọsílẹ̀ á kọjá lọ. Ìtanràn tó ń tẹ̀ lé e kì í ṣe ti ọdún kan tàbí méjì. Títí tí ẹni náà bá fi ń lo ètò náà ni yóò máa san án.

Oríṣi èèyàn méjì ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Àwọn kan ni ẹ̀gbọ́n àti òbí wa tó ti ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún fún ọ̀pọ̀ ọdún, nọ́ọ̀sì, awakọ̀, olùkọ́, àwọn tó ń tọ́jú arúgbó nílé, tí wọ́n ti ń sún mọ́ ọdún 65. Àwọn yòókù ni ìyá àti bàbá tí ọmọ wọn wá mú kúrò ní Òṣogbo lẹ́yìn tí wọ́n ti dàgbà. Òfin tó bá àwọn ti àkọ́kọ́ wí kọ́ ló bá àwọn ti ìkejì wí, àmọ́ àwọn èèyàn wa máa ń fi ti lágbájá ṣàlàyé fún làkáṣègbè lórí fóònù, ọ̀rọ̀ á sì dàrú.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya Medicare kúrò lára Medicaid, torí orúkọ wọn jọra. Medicaid wà fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò tó nǹkan, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní Amẹ́ríkà ló sì ń bójú tó tirẹ̀. Medicare ni ètò adójútòfò ìlera tí ìjọba àpapọ̀ wọn ṣe fún ẹni tó ti pé ọdún 65, àti fún àwọn kan tí àìlera kò jẹ́ kí wọ́n lè ṣiṣẹ́ mọ́ kí wọ́n tó dàgbà tó bẹ́ẹ̀. Èèyàn lè jẹ́ olówó kó wọ̀ ọ́, ó lè jẹ́ òtòṣì. Ààrẹ Lyndon Johnson ló fọwọ́ sí òfin rẹ̀ lọ́jọ́ 30 oṣù Keje ọdún 1965, Harry Truman tó ti jẹ ààrẹ ṣáájú rẹ̀ ni wọ́n sì kọ́kọ́ fún ní káàdì. Láti ìgbà náà, 65 ni wọ́n mú, wọn ò tíì yí i padà.

Ẹni tó bá ti gba owó oṣù rí lọ́hùn-ún, kó wo ìwé owó oṣù rẹ̀ dáadáa. Á rí ibi tí wọ́n ti kọ Medicare, tí wọ́n yọ dọ́là kan àti sẹ́ǹtì márùndínláàádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún dọ́là kọ̀ọ̀kan; ẹni tó gbà á síṣẹ́ náà san iye kan náà. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ báyìí ni Social Security, ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì wọn, ń ka credit fún un, ìyẹn àmì iṣẹ́ tó ti ṣe. Mẹ́rin ni èèyàn lè rí lọ́dún, ogójì ló sì gbọ́dọ̀ pé. Ìyẹn jẹ́ iṣẹ́ ọdún mẹ́wàá, kò sì pọn dandan kó jẹ́ ní ìtẹ̀léra. Ní 2025, ẹni tí iṣẹ́ bá mú $1,810 wọlé fún ti ní credit kan.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ sọ ohun tí ọ̀pọ̀ kì í fẹ́ sọ síta. Owó tí wọ́n san fún èèyàn lọ́wọ́, tí kò sí nínú ìwé kankan, kò ní credit. Ẹni tó sì fi ìwé ẹlòmíì ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́jọ kí tirẹ̀ tó jáde, orúkọ ẹni tó ni ìwé ni credit náà ń lọ. Mo mọ ẹni tó ń kà á pé òun ti lo ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́, ìgbà tó ṣí àkọsílẹ̀ rẹ̀ wò ló rí i pé kò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Kò sí ìdí láti méfò: ẹnikẹ́ni lè ṣí àkáǹtì lórí ssa.gov kó wo iye tó ní, kó sì tètè wò ó, kó má jẹ́ pé ìgbà tó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì tán ni yóò mọ̀ pé iṣẹ́ ọdún kan ló kù.

Ìyàwó tí kò ṣiṣẹ́ rí lè gba orí credit ọkọ rẹ̀ wọlé, ọkọ náà sì lè gba orí ti ìyàwó, bí ẹni tó ní credit bá ti pé 62, tí wọ́n sì ti wà gẹ́gẹ́ bíi tọkọtaya fún ọdún kan ó kéré tán. Àwọn tó ti kọ ara wọn sílẹ̀ náà lè rí i gbà bí ìgbéyàwó náà bá ti pé ọdún mẹ́wàá, tí ẹni tó ń béèrè kò sì tíì fẹ́ ẹlòmíì. Ṣùgbọ́n kálukú ló ń pé 65 tirẹ̀. Kò sí Medicare ìdílé. Bí bàbá bá pé 65 tí ìyá ṣì wà ní 61, káàdì bàbá kò bo ìyá, àfi kí ìyá wá ọ̀nà míì fún ọdún mẹ́rin náà. Èyí máa ń ya àwọn tó ti ń lo ètò ìlera ibi iṣẹ́ ọkọ lẹ́nu.

Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà A, B, C, D, ìyẹn apá mẹ́rin tí Medicare pín sí. Part A ni ti ilé ìwòsàn tí wọ́n bá dá èèyàn dúró sí lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tí ogójì credit rẹ̀ pé kì í san owó oṣooṣù fún un, àmọ́ bí wọ́n bá dá a dúró, òun ló máa kọ́kọ́ san $1,676 (iye ti 2025 nìyẹn) kí Medicare tó tẹ̀ síwájú. Part B ni ti dókítà, àyẹ̀wò, ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn, àti ìtọ́jú tí wọ́n ń ṣe féèyàn kó tó lọ sílé rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Owó oṣooṣù wà lórí èyí: $185 ní 2025, ó di $202.90 ní 2026, ẹni tí owó tó ń wọlé fún un pọ̀ gan-an sì ń san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn owó àkọ́san tọdọọdún, Medicare á san ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, aláìsàn á san ogún, kò sì sí ibi tí ogún yẹn dúró. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń ra Medigap, adójútòfò àfikún tó ń dí ihò náà. Part D ni ti oògùn. Part C, tí wọ́n ń pè ní Medicare Advantage, ni kí ilé iṣẹ́ aládàáni kan kó A àti B jọ, tí wọ́n sì sábà máa ń fi oògùn kún un, kí wọ́n máa bójú tó o fún èèyàn. Òun ni wọ́n máa ń polówó lórí tẹlifíṣọ̀n ṣáá, tí wọ́n á ní eyín wà níbẹ̀, dígí wà níbẹ̀.

Ohun tí kò sí nínú A àti B ni ìtọ́jú ojoojúmọ́ fún arúgbó tí kò lè wẹ̀ tàbí wọṣọ fúnra rẹ̀ mọ́, bí kò bá ní ju ìyẹn lọ tó nílò. Àwọn tó fi iṣẹ́ yẹn jẹun lọ́hùn-ún mọ̀ bó ṣe wọ́n tó. Bóyá òun gan-an ló ń mú kí ọ̀pọ̀ wọn fẹ́ darúgbó sí Òṣogbo.

65 ni, kì í ṣe 67

Ẹni tí wọ́n bí ní 1960 tàbí lẹ́yìn rẹ̀ kò lè gba owó ìfẹ̀yìntì Social Security rẹ̀ ní pípé àfi tó bá pé ọdún 67. Nọ́ńbà yìí ló wà lórí gbogbo lẹ́tà tí wọ́n ń fi ránṣẹ́, torí náà èèyàn á rò pé 67 náà ni Medicare. Ọ̀tọ̀ ni ìkínní, ọ̀tọ̀ ni ìkejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ́fíìsì Social Security kan náà ló ń gba orúkọ fún méjèèjì. Èèyàn lè forúkọ sílẹ̀ fún Medicare ní 65 kó má tíì fọwọ́ kan owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ rárá.

Oṣù méje ni wọ́n fún èèyàn nígbà àkọ́kọ́: oṣù mẹ́ta tó ṣáájú oṣù tó pé 65, oṣù náà fúnra rẹ̀, àti oṣù mẹ́ta tó tẹ̀ lé e. Ẹni tí wọ́n bí ní oṣù Kẹfà ọdún 1961, oṣù Kẹta 2026 ni tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ìparí oṣù Kẹsàn-án ló parí. Bó bá ti forúkọ sílẹ̀ kí oṣù Kẹfà tó wọlé, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà ni Medicare rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀. Bó bá dúró di oṣù Kẹfà tàbí lẹ́yìn rẹ̀, oṣù tó tẹ̀ lé èyí tó forúkọ sílẹ̀ ni yóò tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìbí yìí kì í ṣe kékeré fún wa. Àwọn tó ń pé 65 lásìkò yìí, ọdún òmìnira tàbí lẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n bí wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì níwèé ìbí. Ilé ẹjọ́ ni wọ́n ti lọ búra ọjọ́ orí nígbà tí wọ́n fẹ́ gba páṣípọ́ọ̀tù, àìmọye ló sì jẹ́ pé ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ni wọ́n kọ fún wọn. Bàbá á ní, "Mo ju bẹ́ẹ̀ lọ o, mo ti ń rìn nígbà tí wọ́n fa àsíá Gẹ̀ẹ́sì wálẹ̀." Amẹ́ríkà kò bá ìyẹn lọ. Ọjọ́ tó wà nínú àkọsílẹ̀ Social Security ni wọ́n ń lò. Òfin wọn sì kà á sí pé èèyàn ti pé ọjọ́ orí rẹ̀ ní ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ìbí, nítorí náà ẹni tí wọ́n kọ ọjọ́ kìíní oṣù fún ń tètè wọlé ní oṣù kan. Bí ìwé bàbá bá sọ pé ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1962, oṣù Kejìlá 2026 ni Medicare rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀, oṣù méje rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Kẹsàn-án 2026. Ẹni tó bá ń ka oṣù kìíní gẹ́gẹ́ bí àárín gbùngbùn rẹ̀ á pàdánù oṣù kan níparí láìmọ̀.

Bí èèyàn bá ṣì ń ṣiṣẹ́ nígbà tó pé 65 ńkọ́? Bí ibi iṣẹ́ rẹ̀, tàbí ti ọkọ tàbí aya rẹ̀, bá ní òṣìṣẹ́ ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó sì wà lábẹ́ ètò ìlera ibẹ̀, ó lè fi Part B sílẹ̀ láìsí ìtanràn. Ìgbà tí iṣẹ́ tàbí ètò náà bá parí, èyí tó bá kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ka oṣù mẹ́jọ fún un láti fi forúkọ sílẹ̀. Ẹ ṣọ́ra níbi COBRA, ìyẹn ètò ibi iṣẹ́ tí èèyàn ń fi owó ara rẹ̀ san lẹ́yìn tó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Wọn kì í kà á mọ́ ètò ẹni tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Àwọn tó ní "COBRA mi ṣì wà" tí wọ́n fi jẹ́ kí oṣù mẹ́jọ kọjá pọ̀. Ibi iṣẹ́ kéékèèké tí òṣìṣẹ́ wọn kò tó ogún, Medicare ló ń kọ́kọ́ san níbẹ̀, kí èèyàn yáa gba Part B ní 65. Bí ẹ bá sì ń fi owó pamọ́ sínú HSA, ìyẹn àkáǹtì owó ìtọ́jú ara, ẹ dá a dúró ní oṣù mẹ́fà kẹ́ ẹ tó forúkọ sílẹ̀, torí wọ́n lè ka Part A yín sí pé ó ti bẹ̀rẹ̀ láti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn.

Part B àti ilé Òṣogbo

Ẹni tó bá ti ń gba owó Social Security fún oṣù mẹ́rin ó kéré tán kó tó pé 65 kò ní béèrè Medicare lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n á forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fúnra wọn, káàdì á sì dé. Ìwé pẹlẹbẹ ni, kì í ṣe rọ́bà bíi ti báńkì: pupa, funfun àti búlúù, orúkọ, nọ́ńbà mọ́kànlá tí lẹ́tà wà láàárín rẹ̀, ìlà kan fún Part A, ìlà kan fún Part B, ọjọ́ tí ìkọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kan ní Ayétòrò tó wá wo bí wọ́n ṣe ń kun ilé rẹ̀ fi tirẹ̀ hàn mí. Ó ká a pọ̀ mọ́ ìwé ilẹ̀ sínú ọ̀rá.

Ó ní, "Àbúrò, ẹ wo lẹ́tà tó bá a wá. Wọ́n ní bí mi ò bá fẹ́ Part B, kí n dá a padà kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ṣé kí n dá a padà?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò ní padà lọ mọ́ láé ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ọmọ mẹ́ta ló bí, gbogbo wọn ló wà lọ́hùn-ún.

Ìbéèrè yẹn ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Part A kò ní wàhálà. Bí ogójì credit bá pé, ọ̀fẹ́ ni, ẹ gbà á, ẹ tọ́jú káàdì. Part B ni èèyàn ń san owó lé lórí lóṣooṣù, bó lò ó, bí kò lò ó, kò sì sí bó ṣe lè lò ó níbí. Ẹ lè lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Asùbíàrò, ẹ lè lọ sí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ UNIOSUN, kí dókítà fún yín ní ìwé tó mọ́ jù lọ, Medicare kò ní san kọ́bọ̀. Ìpínlẹ̀ 50 tó wà ní Amẹ́ríkà, Washington DC, Puerto Rico, àti àwọn erékùṣù wọn bíi Guam ni wọ́n ń san owó ìtọ́jú fún. Àyè bíńtín wà fún òkèèrè, bíi ti ẹni tó jẹ́ pé ilé ìwòsàn Kánádà ló sún mọ́ ọn jù nígbà pàjáwìrì. Kò kan Nàìjíríà.

Ẹ jẹ́ ká fowó sọ ọ́. $185 lóṣù, iye ti 2025, jẹ́ $2,220 lọ́dún. Ká ní iye yẹn kò yí padà, ẹni tó gbé Òṣogbo fún ọdún mẹ́fà láìsan án ti fi $13,320 pamọ́. Bó bá wá padà lọ tó sì fẹ́ Part B, wọ́n á fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kún un fún ọdún kọ̀ọ̀kan tó pé tó fi fà á sẹ́yìn. Ti ọdún mẹ́fà jẹ́ ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn $111 lórí $185, ó di $296 lóṣù, títí lọ. Bí owó Part B bá sì ṣe ń gòkè ni ìtanràn náà ń gòkè, torí orí iye tó wà lóde lọ́dún kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń ṣírò rẹ̀. Bó ti wù kó rí, lórí ìṣirò tiwa yìí, ọdún mẹ́wàá ni ìtanràn máa fi jẹ owó tí ẹni náà fi pamọ́ tán. Nítorí náà mi ò sí lára àwọn tó ń pariwo pé ẹni tó bá kọ Part B ti ba ayé ara rẹ̀ jẹ́. Owó kọ́ ló ń dunni jù níbẹ̀.

Àsìkò ló ń dunni. Ẹni tí kò ní Part B, tí àsìkò rẹ̀ sì ti kọjá, kò lè kàn wọ bàálù lọ gba ìtọ́jú. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní sí ìparí oṣù Kẹta nìkan ni wọ́n ń gba irú rẹ̀ wọlé lọ́dọọdún, oṣù tó sì tẹ̀ lé èyí tó forúkọ sílẹ̀ ni yóò bẹ̀rẹ̀. Bí dókítà ní Òṣogbo bá sọ ní oṣù Kẹrin pé àyẹ̀wò próstéètì bàbá kò dára, oṣù mẹ́sàn-án ni yóò kọjá kí ilẹ̀kùn tó ṣí fún ìforúkọsílẹ̀ lásán. Part A rẹ̀ á san ti bẹ́ẹ̀dì, lóòótọ́, àmọ́ owó dókítà tó ṣiṣẹ́ abẹ náà, Part B ló ni ín. Mo ti rí ìdílé tó ń dá owó jọ lórí WhatsApp láti oṣù Karùn-ún títí ọdún fi yí, tí káàdì Part A sì wà lọ́wọ́ bàbá.

Bí ẹ bá bi mí, ẹni tó mọ̀ nínú ọkàn rẹ̀ pé bí ara bá le, ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ lòun ń lọ, kó máa san Part B. Wọ́n á máa yọ ọ́ lára owó Social Security rẹ̀ kó tó kan an lọ́wọ́, kò sì ní sí wàhálà fífi owó ránṣẹ́. Ẹni tó ti pinnu pé òun ò tún ní gbé ibẹ̀ mọ́, kó kọ ọ́, kó sì fi owó náà tọ́jú ara rẹ̀ níbí. Ẹni tó ti gbà á tẹ́lẹ̀ náà lè fi í sílẹ̀, fọ́ọ̀mù CMS-1763 ni wọ́n ń lò, àmọ́ ọdún tó bá fi wà láìní in, wọ́n á kà á mọ́ ọn bó bá padà.

Àwọn kan rò pé bí àwọn bá wọ ètò ìlera ti ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, Amẹ́ríkà á kà á sí pé àwọn ní adójútòfò, ìtanràn ò ní sí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó dára kí ẹni tó ń gbé ilé wọ̀ ọ́. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 2022 tilẹ̀ sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ẹni tó ń gbé orílẹ̀-èdè yìí. Ṣùgbọ́n ètò tó so mọ́ iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe lọ́wọ́ nìkan ló ń gbani lọ́wọ́ ìtanràn Part B.

Ti ẹni tí ogójì credit rẹ̀ kò pé yàtọ̀. Òfin kò jẹ́ kó forúkọ sílẹ̀ nígbà tó ń gbé òkèèrè, nítorí náà wọn kì í ka ọdún tó fi gbé Òṣogbo mọ́ ọn. Ìgbà tó bá padà lọ gbé níbẹ̀ ni àsìkò tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kó má sì fi falẹ̀ rárá.

Part C àti Part D kò ṣe é gbé wá sílé. Àdúgbò tí èèyàn ń gbé ni ilé iṣẹ́ wọn fi ń gbà á. Ẹni tó bá kúrò níbẹ̀ ju oṣù mẹ́fà lọ, ọ̀pọ̀ ètò Part C á yọ ọ́ kúrò. Bó bá padà lọ gbé Amẹ́ríkà, oṣù méjì lẹ́yìn oṣù tó dé ló ní láti mú òmíràn.

Ẹni tó kàn ń wá wo ilé ńkọ́, bíi tàwọn tó máa ń wá ṣe ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù Kẹjọ? Medigap kan wà tó lè bá a dé ibí. Plan C, D, F, G, M àti N ń san ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún owó ìtọ́jú pàjáwìrì ní òkèèrè, lẹ́yìn tí èèyàn bá ti san $250 àkọ́kọ́ lọ́dún náà, bí pàjáwìrì ọ̀hún bá bẹ̀rẹ̀ láàárín ọgọ́ta ọjọ́ àkọ́kọ́ tó kúrò nílé. $50,000 ni gbogbo rẹ̀ mọ ní ìgbésí ayé èèyàn. Kì í ṣe fún ẹ̀jẹ̀ ríru tó ti wà tẹ́lẹ̀ tí èèyàn fẹ́ gba oògùn rẹ̀. Ẹ gba rìsíìtì gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá san, kó ní orúkọ ilé ìwòsàn àti ọjọ́ lórí.

Àwọn òbí tí ọmọ mú lọ

Ìyá tó kúrò ní Òṣogbo ní ẹni ọdún 68 pẹ̀lú green card kò ní Medicare lọ́jọ́ tó balẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ gbé níbẹ̀ fún ọdún márùn-ún ní ìtẹ̀léra kó tó lè forúkọ sílẹ̀, oṣù tí ọdún márùn-ún náà sì pé ni àárín oṣù méje tirẹ̀. Credit ọmọ kò lè ṣe é fún un. Ọmọ lè jẹ́ dókítà tó ti san owó orí fún ogún ọdún, ti ìyá tàbí ti ọkọ ìyá nìkan ni wọ́n ń wò. Nígbà tí àsìkò bá tó, Part B nìkan ló lè mú, kó máa san bí gbogbo èèyàn ṣe ń san. Bó bá fẹ́ Part A, tí kò ní credit rárá, $518 lóṣù ni ní 2025.

Láàárín ọdún márùn-ún náà, àwọn ọmọ lè ra adójútòfò fún un ní ọjà tí ìjọba wọn ṣí fún un, Marketplace, torí ẹni tó ní green card lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ohun tí mo máa ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣọ́ ni bí ìyá ṣe ń wálé. Òtútù á mú un, á ní òun fẹ́ lọ sinmi ní Ìgbóǹnà fún ìgbà díẹ̀, ìgbà díẹ̀ á di ọdún kan. Ẹni tó bá fi ọdún kan gbáko wà níta láìgba ìwé àṣẹ tẹ́lẹ̀ lè pàdánù green card fúnra rẹ̀, ká má tíì sọ ti Medicare.

Láti ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá sí ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá lọ́dọọdún ni àwọn tó ti wà nínú ètò lè pààrọ̀ Part C tàbí Part D wọn. Àsìkò yẹn kò kan ẹni tó fẹ́ gba Part B fún ìgbà àkọ́kọ́, bí àwọn ìpolówó tilẹ̀ ń mú un dà bí ẹni pé ó kàn án. Ìgbà yẹn náà ni àwọn oníjìbìtì máa ń pe àwọn arúgbó pé káàdì tuntun ti jáde, kí wọ́n ka nọ́ńbà ti àtijọ́. Medicare kì í ṣàdédé pe èèyàn béèrè nọ́ńbà. Ẹni tó bá fẹ́ àlàyé ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò tajà, kó béèrè SHIP ní ìpínlẹ̀ tó ń gbé. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n jókòó ti èèyàn kí wọ́n bá a wò ó.

Ẹni tó fẹ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kó sì máa bọ̀, kó má tíì fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìgba fọ́ọ̀mù CMS-L564. Ẹni tó gbà á síṣẹ́ ló ń fọwọ́ sí i, láti fi hàn pé ètò ìlera ibi iṣẹ́ ló ń lò láti ìgbà tó ti pé 65. Wọ́n máa ń fi í sí CMS-40B, tó jẹ́ fọ́ọ̀mù Part B, kí wọ́n jọ lọ sí Social Security. Bó bá ṣiṣẹ́ níbi méjì lẹ́yìn 65, kó gbà á níbi méjèèjì, kó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún ọmọ tó kù lọ́hùn-ún. Kó yí àdírẹ́sì rẹ̀ padà ní Social Security sí ilé ọmọ náà, ẹni tó máa ń ṣí lẹ́tà, kì í ṣe èyí tó ń kó o jọ sórí fíríìjì. Kéèyàn jókòó sí Ọlaìyá ní Òṣogbo níbí kó máa wá akọ̀wé ibi iṣẹ́ tó ti fi sílẹ̀ lọ́hùn-ún, pẹ̀lú nẹ́tíwọ̀kì wa yìí àti ìyàtọ̀ wákàtí tó wà láàárín wa, kì í ṣe iṣẹ́ ẹni ọdún 66.